Chérifatou àti Àwọn Ìyá Tí Kò Fẹ́ Kí A Ka Ọmọ Wọn

N kò fẹ́ràn Chérifatou, n kò sì ní tìtorí pé mò ń kọ ìtàn rẹ̀ kí n wá máa díbọ́n. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gbìyànjú. Nígbà Àwẹ̀ Ogójì, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà mi, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ló ti sọ fún mi níwájú èrò pé èmi fúnra mi ni mo ba telefóònù mi jẹ́, pé ta ní ń tọ́jú telefóònù sínú igbá gàrí. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní bí wọ́n ṣe ń gbé e fún àgbà. Tọwọ́tọwọ́ ni, a kì í jù ú luni.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kétu, létí ọ̀nà tó lọ sí Ìlárá, nínú kọ̀ntẹ́nà kan tí bàbá rẹ̀, Séidou tó ń ta ẹ̀wà sóyà, rà fún un. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń we ìborùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń múra ìjà. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́: iṣẹ́ kíkọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tó padà dé, a rò pé ọ́fíìsì ni yóò ṣí. Kọ̀ntẹ́nà la rí. Gbogbo wa bá ń gbé telefóònù tó fọ́ lọ bá a. Tó bá ní òun kì í ṣe oníṣẹ́ telefóònù fífọ́, a ó ní, "A ti gbọ́, ọmọ, ṣáà bá wa wo ojú rẹ̀ tó là yìí." Ó ń dùn ún. Mo rí i pé ó ń dùn ún, n kò sì yé gbé tèmi lọ.

Ìgbà tó yá ni iṣẹ́ gidi dé. Àwọn kan tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọdé àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ń bọ̀ wá sí agbègbè wa. Ọ̀gá wọn, Mìsíọ̀ Gaston, ará Kùtọnú, ń wá ẹni tí yóò kọ àṣẹ sínú telefóònù tí àwa tí à ń wọlé káàkiri abúlé yóò máa lò. Àwa yìí ni wọ́n ń pè ní rẹlé: obìnrin tó ka ìwé díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Iṣẹ́ telefóònù náà kò ju pé kí a kọ orúkọ ìyá, kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀, kí a lè mọ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tí kò tíì gbà. Odomèta ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Mìsíọ̀ Gaston sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé, "Bí Odomèta bá yọrí, Adakplamè àti gbogbo abúlé tó kù di tìrẹ. Bí kò bá yọrí, ẹnì kan wà ní Kùtọnú tó ti ṣetán."

Chérifatou ṣí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọjọ́ tó pè wá láti kọ́ wa bí a ó ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ni mo rí ìbéèrè kan. Lẹ́yìn orúkọ ìyá, kí ó tó kan orúkọ ọmọ kankan, ẹ̀rọ náà á béèrè pé: Ọmọ mélòó? Bí o kò bá kọ iye, kò ní jẹ́ kí o kọjá.

Mo rí i, mo sì dákẹ́.

Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ọmọbìnrin tí wọ́n tọ́ sí ìtòsí ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu tí kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n Chérifatou ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni pé ìka mi wúwo jù fún ojú telefóònù. Mo ní nínú ara mi pé ẹni tó mọ gbogbo nǹkan, kó mọ èyí náà. Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yìí fún Fádà, nítorí náà ojú kò tì mí mọ́ láti kọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, a dé Odomèta. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni a jókòó sí, àpótí tútù tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Àwọn obìnrin ti tò, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ jókòó, mo kọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé ojú mi sílẹ̀, mo béèrè pé ọmọ mélòó.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí Olúwa ṣe fún mi, Màmá Sylvain."

"Ẹ̀rọ ń fẹ́ nọ́mbà."

"Kí ẹ̀rọ lọ bi Olúwa."

Ẹni kejì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ méjì, kí a ṣáà kọjá. Mo kọ méjì. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ìkíní wọlé, ìkejì wọlé. Bó ṣe pe èyí tó tẹ̀ lé e, ojú telefóònù ṣókùnkùn. Ohun tí a ti kọ láàárọ̀ pòórá. Chérifatou dìde níbi tó jókòó sí, ó wá síwájú tìbínú-tìbínú.

"Ìyá, ẹ ní méjì. Ẹ wá ń pe orúkọ tó ju méjì lọ. Èwo ni ká gbà?"

"Èwo tó bá wù ọ́."

Ó kọjú sí gbogbo ìlà. Ọmọ yìí kò ní sùúrù, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. "Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ ò mọ iye ọmọ tí ẹ bí ni? Ẹ̀ ń ka ewúrẹ́. Ẹ̀ ń ka òṣùwọ̀n àgbàdo lọ́jà. Ẹ ò wá lè ka ọmọ?"

Obìnrin kan jáde láti àárín ìlà, Léontine ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ ni, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ títí dé ẹ̀yìn abúlé, bó bá sì sọ̀rọ̀ ní Odomèta, àwọn obìnrin yòókù kì í tún sọ òmíràn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sin ọmọ kan.

"O fi ọmọ wa wé ewúrẹ́," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

"Ohun tí a gbọ́ nìyẹn. Wá, ìwọ ọmọ Séidou. O ti wọlé ọkọ rí?"

Gbogbo wa mọ̀ pé ó ti wọlé ọkọ, ó sì ti jáde.

"Ẹni tí kò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ nínú yàrá tirẹ̀," ni Léontine wí, "òun ló ń bi wá pé mélòó."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó yí ẹ̀yìn padà. Ìlà náà túká bí ìgbà tí a da omi sí èèrà. Kí iná ìdáná ọ̀sán tó kú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ṣófo, àwa àti àpótí tútù ló kù. Mìsíọ̀ Gaston wo àpótí náà, ó wo Chérifatou. "Ọjọ́ Fráídè," ló wí. "Bí wọn kò bá padà wá lọ́jọ́ Fráídè, mò ń kó abẹ́rẹ́ yìí lọ ibòmíràn. Mò ń kó iṣẹ́ náà lọ pẹ̀lú."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Odomèta lè pàdánù abẹ́rẹ́ wọn, Chérifatou sì lè padà sídìí ojú telefóònù tó là.

Ọjọ́ Túsìdeè ni mo lọ bá Fádà. Mo rò pé yóò ní kí n ka Mo Kí Ọ Màríà díẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ìyá, ẹ lọ bá ọmọ náà. Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ yẹ kí ẹ ti sọ." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ka àdúrà, kódà kó sọ ọ́ di ìlọ́po. Ó kọ̀.

Ọjọ́ kejì, mo wọ kọ̀ntẹ́nà náà. Ooru inú rẹ̀ tó èyí tó lè dín àkàrà. Chérifatou kò gbójú sókè.

"Màmá, ẹ wá yọ̀ mí ni?"

"Fádà ló rán mi."

"Fádà mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ mí. Ìyẹn tó. Ìbéèrè inú ẹ̀rọ rẹ yẹn, mo rí i kí a tó lọ. Mo yẹ kí n sọ fún ọ, n kò sọ. Ó tán."

Mo rò pé yóò bú mi, mo sì ti pèsè èsì sílẹ̀. Ó kàn ní, "Ó ti pẹ́ jù, mo ti yọ ọ́ kúrò. Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni ní iye mọ́. Mo ti gé àyè méjìlá sílẹ̀ fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ìyá wo ló bí ju méjìlá lọ? Ẹ wá jókòó, ẹ fi tiyín dán an wò."

Ó kọ orúkọ mi. Mo pe orúkọ àwọn ọmọ mi, àwọn tó ti ní ilé tiwọn, àti èyí tó wà ní Libreville tí kì í pè mí àfi tó bá fẹ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń se nǹkan. Ẹ̀rọ náà yá, mi ò purọ́. Kí n tó pa ẹnu dé, orúkọ ti wà níbẹ̀. Ó yí ojú telefóònù sí mi.

Nọ́mbà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìkíní títí dé ìkejìlá. Orúkọ àwọn ọmọ mi wà lókè. Àwọn ìlà tó kù funfun báláú, nọ́mbà wà níwájú wọn, kò sí orúkọ.

Mo fi ìka kan ọ̀kan. "Ta ló wà níbí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Àyè lásán ni."

"Ó ní nọ́mbà, kò ní orúkọ. O fẹ́ gbé èyí lọ síwájú Léontine? Ìyá tó sin ọmọ, kí ó wá bá ìlà òfìfo lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀? Pa á rẹ́. Pa tèmi rẹ́ nísinsìnyí."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Pa á rẹ́ ná."

Ó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ, bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá yọ eyín lẹ́nu rẹ̀, pé àyè méjìlá náà kò tilẹ̀ ní ṣiṣẹ́. Telefóònù tí Mìsíọ̀ Gaston kó wá ti gbó, inú wọn kéré. Bí a bá gé méjìlá fún ìyá kọ̀ọ̀kan, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó, inú telefóònù á kún kí a tó kọ ìdajì abúlé. Ó ti dán an wò lálẹ́ àná.

"O mọ̀, o sì fẹ́ gbé e lọ?"

"Mo fẹ́ kó yá! Ohun tí a bá ti gé àyè rẹ̀ sílẹ̀ ló ń yá. Ẹ̀yin ẹ ò mọ bó ṣe rí. Ẹ wò ó bí àká àgbàdo. Bí ẹ bá mọ iye tí oko máa mú wá, ẹ ó kọ́ àká tó bá a mu lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìdí tí mo fi béèrè iye nìyẹn, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ojú burúkú wo ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá mọ̀, tí ẹ kọ́ kékeré, tí àgbàdo wá pọ̀ jù, ẹ ò lè fa ògiri àká gùn, torí àká ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ kọ́ òmíràn tó tóbi níbòmíràn, kí ẹ kó gbogbo àgbàdo láti ti àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ń kó ẹrù, yóò dúró. Mìsíọ̀ Gaston sì ń fi aago wò mí."

"Nítorí aago Gaston lo ṣe fẹ́ ká tẹ́ ẹní de ọmọ tí a kò bí?" Inú ti ń bí mi gidigidi. "Ta ní ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí? Aṣọ ọmọ pàápàá, a kì í rà á sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Bó bá dé, a ó sún. A máa ń sún, Chérifatou! Bí ẹní kò bá gbà wá mọ́, a ó wá èyí tó fẹ̀ sí i. Kò sí ilé tó tìtorí pé ọmọ dé kó wó. Àfi ilé tìrẹ nìkan, tí ọmọ kò tíì…"

Mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu. Ó ti gbọ́ ọ. Ó yí ojú sí ògiri irin. Nígbà tó yí padà, kò sunkún, kò sì bú mi. Ó ní, "A máa ń sún."

"Mo ní kí o má bínú."

"Ẹ dákẹ́ ná, Màmá." Ó ti ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Kí n má ṣe fi ohunkóhun hàn. Kí n bẹ̀rẹ̀ láìsí nọ́mbà, láìsí ìlà. Nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé, kí n gé àyè mẹ́rin péré. Ọ̀pọ̀ ìyá kò ní kọjá rẹ̀. Bí orúkọ bá ju bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ lọ wá àyè tó jẹ́ ìlọ́po méjì, kó kó wọn síbẹ̀."

"Kí ló dé tí kò fi ní máa fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan kún un?"

"Á máa kó ẹrù ní gbogbo ìgbà tí orúkọ kan bá dé. Ẹni tó ń kó ilé lójoojúmọ́, ìgbà wo ni yóò se oúnjẹ? Ìlọ́po méjì ni. Kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan, sinmi fún ìgbà pípẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má sọ pé èmi ni mo fún un ní ìmọ̀ràn. Èébú ni mo fún un. Òun ló ṣa ìmọ̀ràn jáde nínú rẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe ní òye rẹ̀ pọ̀, bí ìwà rẹ̀ tilẹ̀ le bí ẹ̀gẹ́ ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè, àwa rẹlé wọlé káàkiri Odomèta. A ní orúkọ nìkan la máa gbọ́, pé a kò ní béèrè iye. Àwọn obìnrin ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò wo ohun tí Léontine bá ṣe. Léontine, ẹ̀wẹ̀, ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n ọmọ Séidou fúnra rẹ̀ ni yóò kọ tòun, òun ni yóò sì kẹ́yìn. Bí ohunkóhun bá tún bu àwọn kù, òun yóò dìde, abúlé yóò sì tẹ̀ lé òun, ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ Fráídè, wọ́n wá. Wọn kò kí Chérifatou. Wọ́n jókòó, wọ́n pe orúkọ, a kọ ọ́. Orúkọ ń tò sórí ara wọn lójú telefóònù, kò sí nọ́mbà, kò sí ìlà òfìfo. Ọmọ ń ké bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé, ìyá ń gba nẹ́ẹ̀tì. Mìsíọ̀ Gaston ń rìn lọ rìn bọ̀, aago lọ́wọ́. Oòrùn ti ń tẹ̀ nígbà tí Léontine jókòó síwájú Chérifatou.

Chérifatou kúnlẹ̀ kó tó gbé telefóònù. "Ìyá, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde, máa ṣe iṣẹ́ rẹ."

"Orúkọ àwọn ọmọ yín, ìyá."

Léontine ń pè é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ òkúta sínú kànga láti gbọ́ bó ṣe jìn tó. "Firmin." Ó wọlé. "Clémence." Ó wọlé. "Marguerite." Ó wọlé. "Fidèle." Ó wọlé. "Cyriaque."

Ẹ̀rọ dúró.

Èmi mọ̀ ọ́n. Inú telefóònù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún láti àárọ̀, ó ń gbá ohun tí kò wúlò mọ́ kúrò láti rí àyè tó fẹ̀ tí yóò kó wọn sí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó yí wa ká kò mọ̀. Wọ́n rí ojú ẹ̀rọ tí kò mira.

"Ẹ̀rọ kò gba ọmọ rẹ̀," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn.

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀rọ ti tún kú."

Léontine gbé ọwọ́ lé eékún rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Chérifatou kò tẹ nǹkan kan. Òógùn ń sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ ìborùn rẹ̀. "Ó ń wá àyè fún un, ìyá," ló wí. "Kò kọ̀ ọ́. Ẹ ní sùúrù, mo bẹ̀ yín."

Mo ń gbàdúrà. Mi ò ní sọ pé tìtorí rẹ̀ ni. Tìtorí àpótí tútù ni.

Mìsíọ̀ Gaston bẹ́ sáàárín wa, ó na aago. "Ó lọ́ra jù! Èyí kò dáa. Ẹni ti Kùtọnú, tirẹ̀ kì í dúró rárá. Obìnrin kan ṣoṣo, kí a máa dúró dè é tó báyìí?"

Léontine yí orí padà, ó wò ó láti bàtà dé fìlà. "Ìwọ tó ń wo aago," ló wí, "ṣé ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn ni?"

Ẹ̀rín bú sáyé. Láàárín ẹ̀rín náà ni orúkọ Cyriaque yọ lójú telefóònù, lábẹ́ ti Fidèle, gbogbo àwọn yòókù sì wà ní ipò wọn. Chérifatou yí i sí i. Léontine fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan láti òkè wá, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó dé ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ló pe èyí tó kù, ẹ̀rọ sì gbà á láìdúró.

"Àpapọ̀ wọn ńkọ́?" Mìsíọ̀ Gaston kò tíì dákẹ́. "Ìyá kọ̀ọ̀kan, ọmọ mélòó? Mo fẹ́ rí i lójú ẹ̀rọ."

Chérifatou dìde. "Kò sí níbẹ̀, Mìsíọ̀, mi ò sì ní fi í síbẹ̀. Ẹ ka ìgò abẹ́rẹ́ tó ti tán."

Mo rò pé yóò gba telefóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí àpótí tútù. Omi yìnyín nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ó bínú tọwọ́tẹsẹ̀, ó lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ìwé iṣẹ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ Adakplamè sí i, ó sì nà án sí Chérifatou láìsọ ẹ ṣé.

Léontine gba nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú u, ó gbé e sókè sí oòrùn láti wò bóyá ó lu. Ó ká a padà.

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́," ló sọ fún Chérifatou.

"Mi ò rò ó, ìyá."

"Ó dáa." Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin yòókù sì tẹ̀ lé e, nẹ́ẹ̀tì lórí kálukú wọn.